Omi Ìyá Ègùn

Ẹ gba ìwé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi ná, nítorí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí ẹ ti fi í sílẹ̀ níbí ni mo ti ń tì í kiri orí tábìlì bí ẹni ń ti òkú eku. Ojú ewé kọkànlá ló rí mi lára jù. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá Olóyè àdúgbò yìí ló gbẹ́ omi ẹ̀yìn Ìbà, èyí tí gbogbo àdúgbò wa ń mu kí ọ̀nà márosẹ̀ tó dé. Ẹ tún fi àwòrán Olóyè fúnra rẹ̀ sí i, ó dé fìlà, ó ń na ìka sí ibi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Mo pa ìwé náà dé.

Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti ń gba ohùn mi sílẹ̀? Ó dáa. Bísọ́lá, gbé e lé orí àpótí yìí, má gbé e dání, apá á ro ọ́. Tájù, ìwọ náà jókòó. Àga yẹn kò ní ṣẹ́, èmi ni mo kàn án.

N kò bá ẹ̀yin jà o. Ọmọ ilé ìwé gíga tó wà ní Iyànà-Ìbà níbẹ̀ yẹn ni yín, ẹ ní ẹ fẹ́ kó ìrántí àdúgbò jọ sínú ìwé kan kí àwa arúgbó tó kú tán. Iṣẹ́ gidi ni. Ẹ ti wọlé tọ àwọn àgbà ká láti Òjó dé Okokomáíkò, ohun tí wọ́n sì sọ fún yín lẹ kọ. Àwọn tó sọ ọ́ ni mo ń bá jà, èmi náà sì wà lára wọn. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ wá? Olóyè ló mú yín wá, orí àga tí Tájù wà yìí ló jókòó sí. Ẹ bi mí pé ta ló gbẹ́ omi yẹn. Mo wo ojú Olóyè, mo ní ọjọ́ ti pẹ́, n kò rántí mọ́. Irọ́ ni mo pa. Mo rántí bí ẹni pé àná ni.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ kó ìwé náà jáde ní gbọ̀ngàn. Bó bá jáde báyìí, òun ló di òótọ́ nìyẹn. Ẹ ó ti kú, àwọn ọmọ ọmọ yín á ṣì máa kà á. Olóyè ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi orúkọ bàbá rẹ̀ pe òpópónà wa, ojú ewé kọkànlá yín yìí ló sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ padà wá lónìí. Mo fẹ́ kí ẹ yọ orúkọ ọkùnrin yẹn kúrò, kí ẹ fi orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà síbẹ̀.

Obìnrin kan ni. Ègùn ni, láti ọ̀nà Bàdágírì ló ti wá, ó ń hun ẹní, ó sì ń ta òróró àgbọn. Ọkọ rẹ̀ ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì bímọ. Àwọn bàbá wa fún un ní ahéré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú àwa onílẹ̀ kò fẹ́ gbé nítorí ẹ̀fọn. Ibẹ̀ ló ti ń gé ewé ẹní lọ́jọ́ kan tó rí i pé ojú ilẹ̀ kan tutù ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, àbàtà fúnra rẹ̀ ti gbẹ. Ó gbé ọkọ́, ó walẹ̀, omi tútù sun jáde. Ìyá mi ló bá a yí ìtì igi àgbọn tí wọ́n fi ká etí ìsun náà kí yanrìn má baà dí i. Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ èyí, ìyá mi kì í sì í purọ́ bíi tèmi.

Ẹ ò lè mọ ohun tí à ń mu ṣáájú ìgbà náà. Kòtò kan ni, ewúrẹ́ ń mu níbẹ̀, ajá ń wẹ̀ níbẹ̀, àwa náà ń bù ú. Sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn bí òwú funfun. A ó máa fi igi wẹ́wẹ́ ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bó bá wá já sínú, ẹsẹ̀ á wú, á máa ṣe ọyún. Bàbá mi tiro títí ó fi wọlẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tí omi Ìyá Ègùn dé, sòbìyà dàwátì ní àdúgbò wa, àwọn àbúrò mi kò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ kò rí èyí kọ, nítorí ẹni tó sọ ìtàn fún yín kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Omi náà kì í sun kó dúró sójú kan. Á ṣàn lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó wọ inú àbàtà. Ìyá Ègùn ri òpó ọparun mẹ́ta mọ́ etí rẹ̀. Òpó kìíní wà lẹ́nu ìsun gan-an, omi mímu là ń pọn níbẹ̀. Níbi òpó kejì là ń wẹ̀, tí a ń fọ aṣọ. Òpó kẹta wà nísàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú. Tájù, mo rí ọ, o ń di imú. Ẹ̀gẹ́ tó ti wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin ń rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn oúnjẹ ni, ó ní ibi tó ń gbé, ó sì ní ọjọ́ tó ń kúrò. Èyí tó wà lójúde wa báyìí kò ní ibùgbé, kò ní ọjọ́ ìlọ.

A kì í wọ bàtà kọjá òpó kẹta. Ọkùnrin tó bá ń bọ̀ nígbà tí obìnrin ń wẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró nídìí igi àgbọn, kó wúkọ́, kó sì máa retí títí wọ́n á fi ní kó máa bọ̀. Àwọn obìnrin mọ ikọ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ti wú tèmi, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Olójúkòkòrò ti dé o, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ro ó díẹ̀.” Wọ́n á wá fi mí sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á máa fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀, bí ojú bá ti là, igbá là ń gbọ́, igbá tó ń kan etí ìkòkò, àti ohùn Ìyá Ègùn tó ń já fáfá lórí gbogbo rẹ̀. Bó ti wù kó pẹ́ tó láàárín wa, Yorùbá rẹ̀ kò kúrò ní ti ọ̀nà ilé rẹ̀. “Má rú u! Bù ú jẹ́jẹ́! Omi kì í ṣe ìyàwó ẹ tí o fi ń nà án!” Ìyẹn ni àwa ń gbọ́ jí. Ẹni bá da omi síwájú a tẹ ilẹ̀ tútù, wọ́n ní. Obìnrin yẹn da tirẹ̀ síwájú fún gbogbo ènìyàn.

Kí lẹ̀yin wá ń gbọ́ jí lónìí? Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ ń wọnú imú ẹni. Merúwà tó ń ta omi á ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá, kẹ́ẹ̀gì tó ti hu èéhù nínú ló tò síbẹ̀, a ó sanwó, a ò ní bi í léèrè ibi tó ti pọn ọ́n. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti dí gọ́tà pa láti Iyànà-Ìbà títí dé Okokomáíkò. Ní oṣù tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé mi níbí, mo ń jẹ ẹ̀bà mi jẹ́jẹ́. Ọkùnrin kan ní ilé òkè yẹn yàgbẹ́ sínú ọ̀rá, ó so ó lẹ́nu, ó jù ú láti ojú fèrèsé sínú gọ́tà. Ó ta sí mi lẹ́sẹ̀. Mo gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin, kò sá. Ó ní, “Bàbá, ẹ káàsán o.” Ìwà ọmọlúàbí tó kù nìyẹn, kí ènìyàn yàgbẹ́ sí ọ lára kó sì kí ọ. Mo da ẹ̀bà náà fún adìẹ, adìẹ náà kò sì fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹ má wò mí báyẹn, n kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀gẹ́ ìyàwó mi.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi tó ti lọ, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ọkà ni wọ́n ń jẹ nílé wọn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́. Kò tíì pé oṣù kan tó wọlé mi tó fẹ́ fi fùfú mú inú ìyá mi dùn. Ó bi ìyàwó ilé kan ní ibi tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, ìyẹn ní, “Òpó kẹta ni.” Ẹ jọ̀wọ́, kí ni obìnrin yẹn ìbá tún sọ? Òpó kẹta náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wá láti ilé wa, ìsàlẹ̀ omi ló já sí, òpó ẹ̀gẹ́ lèèyàn ń kọ́kọ́ bá pàdé. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, láti ẹnu ìsun la ti ń kà á wá sílẹ̀, nítorí ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. A kò ronú kàn án rí pé ẹnìkan lè kà á lódìkejì. Àbẹ̀kẹ́ dúró ní ìsàlẹ̀, ó kà á láti ibẹ̀ lọ sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ ńlá kan rì sẹ́nu ìsun, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó ń kọrin bọ̀ wálé. Ọjọ́ ọjà ni, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ tó máa kọ̀ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ló kọ́kọ́ bu omi mu ní gbogbo àdúgbò. Ó tú u jáde sára aṣọ ara rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ dáadáa, ariwo ti gba gbogbo ilé, omi ti funfun bí omi ògì, ó ń rùn, àwọn ọmọdé ń sunkún òùngbẹ. Àwọn àgbà pé jọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi eérú kun Àbẹ̀kẹ́ lójú, kó ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ náà yí àdúgbò ká, kí àwọn ọmọdé máa pàtẹ́wọ́ lé e. Èmi ọkọ rẹ̀ dúró níbẹ̀, n kò lè sọ nǹkan kan. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti ń dákẹ́ níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀.

Ìyá Ègùn já wọ àárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún ewé ẹní. “Mo rí ọmọ yìí lánàá nígbà tó ń gbé agbọ̀n kọjá,” ló wí. “Mo rò pé ó mọ̀, n kò tẹ̀ lé e. Èmi tí mo ń ṣọ́ omi, èmi ni kẹ́ ẹ kùn léérú.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, ó di ojú. Ta ló máa kun àgbàlagbà obìnrin léérú? Wọ́n wo ara wọn títí, wọ́n sì tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá Olóyè wà lára wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Ègùn àti Àbẹ̀kẹ́ fi gbọ́n omi náà dànù, igbá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wọn, títí tí ìsun fi tún mọ́ gaara. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ máa fi wálé, kò jọ àlejò mọ́.

Ẹ tún kọ ọ́ sínú ìwé yín pé àdúgbò wa kò ní ọdún tirẹ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ọjọ́ Ẹrẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Ìyá Ègùn á yan ọjọ́ kan, gbogbo wa á sì jáde lọ kó ẹrẹ̀ inú omi. Ọkùnrin á wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́, obìnrin á máa fi agbọ̀n gbé e jáde. A kì í da ẹrẹ̀ náà nù o, òun la fi ń rẹ́ ara ògiri wa tó ti sán. Ẹja àrọ̀ tó bá kọ́kọ́ fara hàn, ti Ìyá Ègùn ni, omi àgbọn àti ata ló fi ń sè é, gbogbo ọmọdé á sì tò sẹ́nu ọ̀nà ahéré rẹ̀ pẹ̀lú abọ́. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní àlejò lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún kan wà, àgbà ìjọ aláṣọ funfun kan ní òun fẹ́ gbàdúrà sí omi náà kí a tó wọ̀ ọ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò lárífín. A ní kó dúró lókè, ó ní rárá, àárín rẹ̀ gan-an ni Ẹ̀mí ní kí òun dúró sí. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé ti òsì, ẹrẹ̀ gbé e mì dé ìbàdí. Bó ti ń jà láti jáde ni ẹja àrọ̀ kan gba abẹ́ aṣọ wọlé tọ̀ ọ́. Háà! Ó ń ké “Hòsánà!” lọ́nà tí kò jọ ti ìyìn rárá. Aáfà tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọjà ló ju okùn sí i, ó sì fà á jáde, òun àti ẹja. Àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹja náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lónìí, ẹ wo ẹ̀yìn ilé mi, ilé ìjọsìn méjì kọjú sí ara wọn, kálukú gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn rẹ̀ sórí òrùlé, wọ́n ń fi ariwo ja ogun, gọ́tà tó wà láàárín wọn sì kún fún ìdin. Àwọn méjèèjì ń fò ó kọjá lọ sínú ilé Ọlọ́run. Ọjọ́ ìmọ́tótó tí ìjọba yàn ńkọ́? Ìdọ̀tí iwájú ilé tiwọn ni wọ́n ń gbá sí iwájú ilé tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n wá débi tó ń dùn mí.

Ọ̀nà márosẹ̀ dé, ilẹ̀ sì di wúrà. Bàbá Olóyè, tí ẹbí rẹ̀ ló ni ilẹ̀ ọ̀hún, rí ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ilé alájà sójú omi náà. Yanrìn ni wọ́n máa fi dí i. Wọ́n pe ìpàdé. Ìyá Ègùn ti darúgbó nígbà yẹn, ìyá mi ti kú. Ó dìde láàárín ìpàdé, ó ní kí wọ́n kọ́ ilé sí ibòmíràn, kí wọ́n fi omi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá Olóyè rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àlejò ni ọ́. Omi tó sun lórí ilẹ̀ wa, tiwa ni. Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ lo gbẹ́ ẹ?”

Ìyá Ègùn kẹ̀yìn sí i. Àwa ló kọjú sí. Ó ní, “Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe Ọjọ́ Ẹrẹ̀, ẹ sọ fún un. Kí ẹnì kan ṣáà sọ ọ́.” Ojú rẹ̀ ń lọ láti ara ẹnì kan dé ara ẹnì kejì, ó sì dúró lára mi. Mo mọ̀ pé èmi ló ń retí. Ṣebí nítorí ìyàwó mi ló ṣe jókòó de eérú.

Ẹ̀yin ọmọ, láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé yẹn gan-an ni bàbá Olóyè yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní bí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, èmi ni màá kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé náà. Káfíńtà kékeré ni mí nígbà yẹn, àga àti àpótí ni mo ń kàn, iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò wá sọ́dọ̀ mi rí. Níbi ìpàdé náà, mo wo ẹsẹ̀ ara mi. Mo ń wo lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn ti dà sí mi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀, mo ń wò ó títí obìnrin náà fi jókòó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́ lójú mi, èmi ń fọkàn ṣírò iye pákó tí ilé alájà máa gbà.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Obìnrin yìí kò ṣàròyé. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé ẹní tó kù karí, ó gba ọ̀nà Bàdágírì lọ ní ọ̀sán gangan, gbogbo wa wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, a ń wò ó. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló sìn ín dé títì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, típà bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sórí omi náà. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ pé èmi ni mo gba iṣẹ́ ilẹ̀kùn, kò pariwo lé mi lórí. Kò kàn pè mí ní Bàbá Ìbídùn mọ́ ni. Káfíńtà ló ń pè mí, níwájú ọmọ, níwájú àlejò, lórí àìsàn, títí tó fi dákẹ́.

Ilé yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ ti yà á sínú ìwé yín, ẹ̀yìn Olóyè ló wà. Omi kò kúrò lábẹ́ rẹ̀ o. Gbogbo àkókò òjò ló ń sun wọ yàrá ìsàlẹ̀, tó ń dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ṣaláńgá, tí àwọn ayálégbé ń fi garawa gbọ́n ọn dà sí ojú títì tí gbogbo wa ń rìn. Ilẹ̀kùn tí mo kàn ń wú, kì í tì, kì í ṣí. Mo ń kọjá níbẹ̀, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣépè fún káfíńtà. Wọn kò mọ̀ pé èmi ni. Omi tó gbà wá lọ́wọ́ sòbìyà la sọ di ìdọ̀tí yẹn, àwa fúnra wa, a sì wá jókòó síwájú ẹ̀rọ yín, a ń fi adé lé bàbá Olóyè lórí. Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe ṣe. Olóyè ń purọ́ nítorí orúkọ bàbá rẹ̀, èmi ń purọ́ nítorí pé ojú ń tì mí.

Kí lo wí, Tájù? Bóyá mo lè sọ ọ́ níwájú Olóyè ní ọjọ́ Sátidé? Màá sọ ọ́. Ẹ fún mi ní àga iwájú. Kí ló tún fẹ́ fi ṣe mí, ṣé ó fẹ́ fún mi níṣẹ́ ilẹ̀kùn ni?

Bísọ́lá, o ti ń tún ìwé náà ṣe lórí fóònù rẹ? Jẹ́ kí n rí i. O ṣeun, ọmọ mi. Orúkọ bàbá Olóyè ti kúrò. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni. Fi tirẹ̀ síbẹ̀ wàyí.

Kí lo bi mí? Orúkọ rẹ̀ kẹ̀? Ṣebí láti àárọ̀ ni mo ti ń pè é. Ìyá Ègùn.

Èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́?

Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n ronú. Ìyá Ègùn ni ìyá mi ń pè é, Ìyá Ègùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àbẹ̀kẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wà pọ̀, orúkọ ló fi ń pè é, orúkọ Ègùn kan tó kúrú, ó máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Mo gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò fetí sí i. Àbẹ̀kẹ́ sì ti kú. N kò mọ̀ ọ́n, Bísọ́lá. Mo mu omi obìnrin náà láti kékeré, ó gba ìyàwó mi lọ́wọ́ ìtìjú, mo jókòó níbí láti àárọ̀ mo ń bú ẹni tó jí orúkọ rẹ̀, èmi fúnra mi kò bi í rí pé kí lo ń jẹ́. Ara mi rí mi lára.

Rárá, má kọ Ìyá Ègùn síbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe orúkọ, ibi tó ti wá la fi ń pè é. Fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a mu omi rẹ̀, a kò sì bi í lórúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, mú ìwé mìíràn, kí o kọ orúkọ àwọn tó ta ojú omi náà, àti ti àwọn tó jókòó ní ìpàdé tí wọn kò sọ̀rọ̀, àti ti káfíńtà. Tiwa kò sọnù rárá. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀, màá pè é fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti orí tèmi.